Ẹ̀sùn tí àwọn òǹwòran fi ń kan The Wire: èyí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ àti èyí tí kò ní

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lẹ́tà táwọn òǹkàwé ń kọ sí yín lórí The Wire, eré ọlọ́pàá tí HBO ṣe nípa ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, ohun kan náà ni wọ́n ń tún sọ ṣáá: eré náà ń falẹ̀, èèyàn inú rẹ̀ pọ̀ jù, èébú ti pọ̀ jù níbẹ̀, ẹni ibi kì í sì í jìyà tó bó ṣe yẹ. Èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀sùn wọ̀nyí ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Méjì kan sì wà tó bá eré náà wí gan-an, tí ó jọ pé kò ká àwọn òǹwòran wa lára.

Ẹni tó dá eré náà sílẹ̀ ni David Simon, akọ̀ròyìn ìwà ọ̀daràn fún ìwé ìròyìn Baltimore Sun tẹ́lẹ̀. Ed Burns tí wọ́n jọ ṣe é ti ṣiṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nílé iṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú náà, ó sì di tíṣà níléèwé ìjọba lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. June 2002 ló bẹ̀rẹ̀, March 2008 ló parí: sáà márùn-ún, apá 60. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tí ẹ bá fẹ́ sọ pé àwọn òǹkọ̀wé kàn ń fi àkókò ṣòfò.

Ẹni tó bá ní nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ nínú apá márùn-ún àkọ́kọ́, iṣẹ́ tó ń lọ níbẹ̀ ni kò rí. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní 1968 ò jẹ́ kí ọlọ́pàá déédéé máa gbọ́ ohun tí afurasí ń sọ lórí fóònù. Ó gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìbúra lọ bá adájọ́. Yóò sọ ẹ̀sùn tó ń tọ pinpin rẹ̀, fóònù tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tó ń lò ó, yóò sì fi hàn pé àwọn ọ̀nà yòókù ti kùnà, tàbí pé wọn ò ní ṣiṣẹ́, tàbí pé ó léwu jù: kéèyàn máa tọ afurasí lẹ́yìn, kéèyàn rán ẹnì kan lọ ra oògùn olóró lọ́wọ́ rẹ̀, kéèyàn tú ilé rẹ̀. Àṣẹ náà kì í kọjá 30 ọjọ́. Tó bá tán, wọ́n á tún kọ ìwé tuntun lọ bá adájọ́ náà.

Gbogbo ìkùnà tí ẹ ń rí ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kìíní, ohun tí wọ́n máa kọ sínú ìwé ìbúra yẹn ni wọ́n ń kó jọ. Ẹ wo ọgbọ́n tí Kima Greggs, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà, dá pẹ̀lú Bubbles, ọkùnrin tí oògùn olóró ti bà jẹ́, tó ń ta ọlọ́pàá lólobó. Bubbles á kó fìlà tà kiri láàárín àwọn ọmọ Barksdale, ẹgbẹ́ tó ń ta oògùn olóró tí ọlọ́pàá ń tọ pinpin, á máa bá wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ọlọ́pàá ń wá, á gbé fìlà pupa lé e lórí bí ẹni pé ó ń bá a wọ̀n ọ́n. Ọlọ́pàá tó wà lórí òrùlé lókèèrè á ya fọ́tò ẹni tí fìlà pupa bọ́ sí lórí. Òpó eré náà nìyẹn, bí kò tilẹ̀ sí ìbọn níbẹ̀.

Lẹ́yìn fọ́tò ló kan nọ́ńbà. Ẹ̀rọ kan wà tó kàn ń kọ nọ́ńbà tí èèyàn tẹ̀ lórí fóònù sílẹ̀. Kò gbọ́ ohùn. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ ní 1979 pé ọlọ́pàá tó lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ò tú àṣírí ẹnikẹ́ni lọ́nà tó lòdì sófin, ẹjọ́ olè kan ní Baltimore gan-an ló sì bí ìdájọ́ ọ̀hún. Òfin mìíràn ní 1986 ló wá sọ ọ́ di dandan kí wọ́n gba àṣẹ kóòtù kí wọ́n tó lò ó, àmọ́ àṣẹ yẹn rọrùn láti rí gbà ju ti gbígbọ́ ohùn lọ fíìfíì.

Àwọn ọmọ Barksdale ò gbé fóònù dání. Péjà, ẹ̀rọ kékeré tó kàn ń fi nọ́ńbà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ hàn, ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú fóònù olówó ẹyọ tó wà lójú títì, nọ́ńbà tó sì ń wọlé sórí péjà wọn kì í ṣe nọ́ńbà tòótọ́. Pryzbylewski, ọlọ́pàá tí gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kà sí aláìwúlò, ló tú u. Ẹ wo ojú bọ́tìnnì fóònù yín: 5 ló wà láàárín. Nọ́ńbà yòówù tí wọ́n bá fẹ́ fi ránṣẹ́, wọ́n á fo 5 kọjá sí òdìkejì. 1 á di 9, 2 á di 8, 3 á di 7, 4 á di 6, wọ́n á sì padà bẹ́ẹ̀ náà. 5 àti 0 á gbapò ara wọn. 410, tó jẹ́ nọ́ńbà ìpè àgbègbè Baltimore, á di 695. Ọmọ tí kò jókòó níléèwé rí lè ṣe é lójú ẹsẹ̀ láìmú bírò, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó.

Síbẹ̀, ara àdúgbò gbogbo ló ń lo fóònù ìta. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbi tó ti lè fojú rí i pé ẹni tí àwọn ń wá ló gbé fóònù, kí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ tó gbọ́ ohùn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti yà sí ti ọmọkùnrin kan àti ìyá rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ náà. Ìran tí òǹkàwé yín kan pè ní “ọkùnrin méjì tó jókòó sórí òrùlé tí wọn ò ṣe nǹkan kan” nìyẹn. Ká ní wọn ò jókòó síbẹ̀ ni, Levy, agbẹjọ́rò àwọn Barksdale, á fa ẹjọ́ náà ya ní kóòtù. Ó ṣeé ṣe kí èyí ṣàjèjì sí wa, níbi tí ẹjọ́ ti sábà máa ń dúró lórí ohun tí afurasí jẹ́wọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá, débi pé òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, ACJA, ti 2015 ní láti mẹ́nu kan kíká irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí fídíò.

Ní sáà kẹta, àwọn ọ̀daràn kọ́gbọ́n. Wọ́n kó péjà dà nù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo fóònù àlòsọnù, èyí tí wọ́n ti san owó ìpè rẹ̀ sílẹ̀. Kí ọlọ́pàá tó mọ nọ́ńbà, kó kọ ìwé ìbúra, kí adájọ́ tó fọwọ́ sí i, wọ́n ti sọ fóònù náà nù. Ọwọ́ ẹni tó ń ra fóònù ni ó ti já. Wọ́n ní kí Bernard, ọmọ iṣẹ́ wọn tó ń ra fóònù, máa wakọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, kó má sì ra ju méjì lọ ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ó rẹ̀ ẹ́, ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń kùn sí i nínú ọkọ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rà wọ́n lọ́pọ̀ lójú kan. Ibẹ̀ ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Lester Freamon gbà wọlé: ó ṣe bí oníjìbìtì tó ń ta fóònù lọ́pọ̀, ó sì ta èyí tí àṣẹ kóòtù ti wà lórí rẹ̀ fún un. Ọ̀lẹ ẹnì kan ṣoṣo ló tú ètò tó ná wọn lówó gọbọi.

Ní ti èébú, mo mọ ìran tí àwọn ìyá wa nínú ìjọ ń bínú sí jù: sáà kìíní, apá kẹrin, nígbà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì, Bunk àti McNulty, wọ kíṣìnnì tí wọ́n ti pa obìnrin kan. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, èébú kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ, wọ́n kàn ń yí ohùn rẹ̀ padà ni. Tí ọmọdé bá wà nílé, ẹ pa ohùn rẹ̀, ẹ máa wo ọwọ́ wọn. Wọ́n to fọ́tò òkú náà sílẹ̀, wọ́n fi téèpù wọn ibi tó dúró sí, wọ́n sì rí i pé ohun tí àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ kọ sílẹ̀ ò bára mu. Ihò wà lára gíláàsì fèrèsé, ẹni tó yìnbọn wà níta. McNulty tọ ọ̀nà tí ọta gbà dé ẹnu fíríìjì, ó fi pláyà yọ ọ́ lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n bọ́ síta, wọ́n dúró bí ẹni tó yìnbọn ṣe máa dúró, wọ́n wo ibi tí èèpo ọta lè fò sí, wọ́n sì bá a nínú koríko. Mi ò tíì rí eré ọlọ́pàá mìíràn tó jẹ́ kí òǹwòran bá wọn ṣiṣẹ́ báyìí láìsí ẹni tó ń ṣàlàyé fún un.

“Ẹni ibi kì í jìyà” náà ní ìdí. Ẹ wo pátákó funfun tó wà ní ọ́fíìsì àwọn tó ń wádìí ìpànìyàn. Orúkọ òkú tí wọ́n fi tàdáwà pupa kọ, a ò tíì rí ẹni tó pa á; ti dúdú, wọ́n ti rí i. Àwọ̀ méjì yẹn ló ń darí gbogbo ọ̀gá. Ní sáà kejì, òkú obìnrin 13 wà nínú kọ̀ntéénà kan ní wáàfù, ọ̀kan sì léfòó lórí omi. McNulty, tí wọ́n ti lé lọ sínú ọkọ̀ ojú omi, lo ìwé ìṣàn omi òkun àti afẹ́fẹ́ láti fi hàn pé abẹ́ àṣẹ ìlú Baltimore ni ti orí omi náà bọ́ sí, ó sì fi hàn pé ṣe ni wọ́n pa àwọn tó wà nínú kọ̀ntéénà, kìkì kí òkú pupa 14 lè bọ́ sórí Rawls, ọ̀gá tó fìyà jẹ ẹ́. Ní sáà kẹrin, Freamon dúró níwájú ilé àkọ̀tì, ó rí i pé ìṣó tí wọ́n fi kan pákó ẹnu ọ̀nà kì í ṣe irú èyí tó wà lára àwọn tó kù: ìbọn ìṣó ni wọ́n fi kàn án. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òkú wà nínú ilé náà. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó fi í sílẹ̀, torí òkú tí wọn ò bá yọ ò lè pupa lórí pátákó.

Ó wá ku ẹ̀sùn méjì tó tọ́.

Èkíní, sáà karùn-ún. McNulty dá apààyàn kan sílẹ̀ látinú orí ara rẹ̀, ó ń yí òkú àwọn tí kò nílé padà kó lè jọ pé ẹnì kan ló ń pa wọ́n, kí ìjọba lè tú owó sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ohun tó fa irọ́ náà bójú mu, torí méyọ̀ ti gé owó wọn. Àmọ́ apá mẹ́wàá péré kéré fún un, Freamon tó ní sùúrù fún sáà mẹ́rin sì dara pọ̀ mọ́ ọn kíákíá jù. Bó ṣe parí nìkan ni mi ò ní àríwísí sí: fóònù Marlo, ọ̀gá àwọn tó ń ta oògùn olóró, tí wọ́n gbọ́ lábẹ́ àṣẹ tí wọ́n gbà nítorí apààyàn tí kò sí, ó ba ẹjọ́ tí wọ́n fẹ́ pe Marlo jẹ́, gẹ́gẹ́ bí òfin tí sáà kìíní fi hàn wá ti sọ.

Èkejì ló wúwo jù. Eré náà ṣàánú ọlọ́pàá. Wọ́n ń lu èèyàn, wọ́n ń purọ́, wọ́n ń mutí, ṣùgbọ́n èyí tó ń jalè nínú wọn ò tó nǹkan. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ fẹ̀sùn kan ọlọ́pàá Baltimore mẹ́jọ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gba ìbọn kúrò nígboro: wọ́n ń ja àwọn èèyàn lólè, wọ́n ń gba owó iṣẹ́ àfikún tí wọn ò ṣe. Ọ̀gá wọn ń kó oògùn tí wọ́n gbà fún ẹni tó máa bá a tà á, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 25 fún un ní 2018. Simon fúnra rẹ̀ padà ṣe eré lórí rẹ̀ ní 2022, We Own This City, apá mẹ́fà. Ẹ̀sùn yìí wúwo ju ti Bealefeld, kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá Baltimore nígbà yẹn, lọ, ẹni tó bínú ní 2011 pé eré náà ba orúkọ ìlú jẹ́. Láti 2002 dé 2007, ó ju èèyàn 250 tí wọ́n ń pa ní Baltimore lọ́dọọdún. Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n ló pa wọ́n.

Fún ẹni tó bá fẹ́ tún un gbìyànjú: ẹ ṣí àkọlé abẹ́ àwòrán sílẹ̀, kódà bí ẹ bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, torí èdè ìgboro Baltimore ni wọ́n ń sọ. Ẹ má fo sáà kejì nítorí pé àwọn òyìnbó wáàfù ló gba iwájú. Ibẹ̀ ni ẹ máa mọ ibi tí ọjà ń gbà wọlé. Ẹ má dúró de orin tó máa sọ fún yín pé ewu ń bọ̀. Bí orin bá dún, inú rédíò tàbí ọkọ̀ ẹnì kan ló ti ń jáde, àfi orin ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí sáà. Àwòrán tó kún ojú tẹlifíṣọ̀n láti 2014 kì í ṣe bí wọ́n ṣe yà á. Ó fúnrẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà, èyí ló fà á tí ìran mìíràn fi fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ẹ bá sì dé We Own This City, ẹ máa wo déètì tó ń yọ lójú àwòrán, nítorí ó ń fò síwá sẹ́yìn láàárín ọdún, kò sì ní dúró dè yín.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn