Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sanwó ojú ìwé síbẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó bébà àti íńkì. Èmi náà ń rà á, mo mọ ohun tí ojú yín ń rí.

Mo ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí ẹ ti sọ pé àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ òṣèlú sórí fóònù ló ba ìròyìn jẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, pé wọn kò kọ́ṣẹ́, pé kálukú wọn ló ti ta ara rẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèlú kan, pé wọ́n ń dá wàhálà sílẹ̀, kí ìjọba sì fìyà jẹ wọ́n. Ẹ wá ní kí aráàlú padà sọ́dọ̀ àwọn ìwé ìròyìn tí kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ fèsì sí. Kì í ṣe òótọ́, ó sì dun èmi tí mo fẹ́ràn ìwé ìròyìn láti kékeré.

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní òpópónà Arákàlẹ̀, nílùú Àkúrẹ́. Sósíálístì ni mí. Káàdì NCP, ẹgbẹ́ òṣèlú ti olóògbé lọ́yà Gánì Fawẹ̀hìnmi, ni mo kọ́kọ́ gbà láyé mi; AAC, ẹgbẹ́ òṣèlú ti Omoyele Sowore, ni mò ń tẹ̀lé báyìí. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, mo máa ń kọ èrò mi nípa òṣèlú sórí Facebook, orúkọ ẹgbẹ́ mi sì wà lókè gbọnrangandan. Kò sí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ mi tí kò mọ ẹ̀yìn ẹni tí mo wà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni òǹkàwé yín mọ̀ pé ẹ wà lẹ́yìn rẹ̀?

Ẹ wo ìdìbò gómìnà ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ẹgbẹ́ tó ju mẹ́wàá lọ ló fa olùdíje kalẹ̀. Láti ìgbà tí ìpolongo ti bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ ìdìbò, orúkọ méjì ló gba ẹnu àwọn oníròyìn kan: Lucky Ayédatiwa ti APC àti Agboọlá Àjàyí ti PDP. Àwọn yòókù di “àti àwọn mìíràn”. Ẹ lè sọ pé èsì ìdìbò ti gbè yín lẹ́sẹ̀, torí Ayédatiwa ní ìbò 366,781, Àjàyí sì ní 117,845. Ṣùgbọ́n báwo ni ìyá tó ń ta ata ní Ìsìnkàn ṣe fẹ́ dìbò fún ẹni tí kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

Òfin kò sì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 95 nínú Òfin Ètò Ìdìbò ọdún 2022, èyí tí wọ́n ń lò nígbà ìdìbò náà, ní kí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba pín àkókò dọ́gba fún gbogbo ẹgbẹ́, ní wákàtí tí èèyàn ń gbọ́ wọn jù, kí ìwé ìròyìn ìjọba náà sì fún gbogbo ẹgbẹ́ láàyè bákan náà. Àmọ́ òfin ọ̀hún fi kún ti rédíò àti tẹlifíṣọ̀n pé ẹgbẹ́ á san owó tó bá yẹ. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé tíṣà, aránṣọ àti mẹkáníìkì ló ń dá owó jọ fún un, níbo ló ti fẹ́ rí owó tí ẹni tó jókòó ti àpò ìjọba ń san? Mo rí i nínú iṣẹ́ tèmi. Ẹgbẹ́ ńlá á wọlé lálẹ́, wọ́n á ní ká tẹ póstà 10,000 kí ilẹ̀ tó mọ́, owó á sì balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó kan tiwa, 600 la tẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì la sì pín owó rẹ̀ san.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé yìí náà ló jẹ́ kí n máa rí ohun tí òǹkàwé mìíràn lè má rí nínú ìwé ìròyìn. Àwòrán aláwọ̀ ń jẹ pléètì mẹ́rin, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ̀wé. Dúdú nìkan, pléètì kan ti tó. Bí mo bá ṣí ìwé ìròyìn tí gbogbo inú rẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun, tí mo wá kan ojú ìwé kan tí agbádá ọ̀gá ìjọba kan ti ń tàn yanran, mo mọ̀ pé ẹnìkan ló sanwó pléètì mẹ́ta yòókù. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi tò ó bíi ti ìròyìn, orúkọ akọ̀ròyìn wà lókè rẹ̀, kò sì síbi kankan tí wọ́n kọ “ìpolówó” sí. Òǹkàwé á gbà pé akọ̀ròyìn ló lọ wo iṣẹ́ tí wọ́n ń yìn, kò mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń yìn ló kọ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́. Mo ti rí irú rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tiyín náà, mo sì kọ ọ́ síbi tí ẹ ó ti kà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Lọ́dún tó kọjá, a pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá Ọjà Ọba lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ tú kókó ìró rẹ̀, ó kó tíkẹ́ẹ̀tì jáde, ó ń tò wọ́n sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan: ti ìmọ́tótó, ti ìjọba ìbílẹ̀, ti ẹgbẹ́ ọjà, ti àwọn tó ń ṣọ́ ọjà lóru. Ó wá mú ọ̀kan aláwọ̀ ewé jáde, ó ní àwọn ọmọkùnrin kan ló ń gba owó rẹ̀ láràárọ̀, bí èèyàn kò bá sì san án, wọ́n á gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ lọ. Mo gba tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní nọ́ńbà. Kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba kankan, kò sì sí orúkọ ilé ìtẹ̀wé nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń tẹ ìwé owó mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí: bí wọ́n bá tẹ ẹgbẹ̀rún tàbí ẹgbàárùn-ún, kò sí ẹni tó lè kà á, kò sì sí àpò ìjọba tí owó náà ń wọ̀.

Bí ìyẹn kò bá jẹ́ ìròyìn, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìròyìn mọ́. Akọ̀ròyìn kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, láti ilé ìwé ìròyìn tí mi ò ní dárúkọ. Kò kọ ohun kan sílẹ̀. Nígbà tí ìpàdé parí, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó béèrè ẹni tó máa dá àwọn lóhùn. Mo ní a kò ní owó ọkọ̀ láti fún un, omi inú ọ̀rá la pín fún gbogbo èèyàn. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ má bínú, oṣù kẹrin rèé tí mo ti rí owó oṣù gbà kẹ́yìn.” Nígbà tí ìwé ìròyìn rẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ nípa òṣèlú kan tó pín ẹ̀rọ ìránṣọ fún àwọn obìnrin ló gba gbogbo ojú ìwé, òun náà ló kọ ọ́. Ìyá elélùbọ́ kò sí níbẹ̀ rárá.

Mi ò bínú sí ọmọ náà. Òṣìṣẹ́ ni, wọ́n jẹ ẹ́ lówó. Àwọn baba wa ní ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kò ní ṣàì jẹ dòdò tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀. Gbogbo ìwé ìròyìn ló tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ààrẹ buwọ́ lu owó oṣù tuntun N70,000 ní oṣù keje ọdún 2024. Mélòó nínú àwọn tó kọ ìròyìn náà ló ń gbà á? Ègbè inú ìròyìn, ọ̀rọ̀ owó oṣù ni kó tó di ọ̀rọ̀ ìwà. Ẹni tó bá fẹ́ kí akọ̀ròyìn sọ òtítọ́, kó kọ́kọ́ san owó rẹ̀.

Nígbà tí Gánì ń bá àwọn ológun fà á ní kóòtù, kò sí ìwé ìròyìn tí kò gbé fọ́tò rẹ̀ síwájú, gbogbo wa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ń fi í yangàn. Ó dá NCP sílẹ̀ lọ́dún 1994. INEC, àjọ elétò ìdìbò, kọ̀ láti forúkọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, kóòtù ló fi wá ọ̀nà fún un kí wọ́n tó gbà á lọ́dún 2002. Nígbà tó jáde fún ipò ààrẹ lọ́dún 2003, tó ń sọ pé kí a mú ìṣẹ́ kúrò nílẹ̀ yìí, ṣe ni mò ń ṣí ìwé ìròyìn láti iwájú dé ẹ̀yìn kí n tó rí ọ̀rọ̀ ìpolongo rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó ń bá ìjọba jà. Nígbà tó ní òun fẹ́ gba ìjọba fún mẹ̀kúnnù, wọ́n gbé e sí kọ̀rọ̀.

Ti Labour Party tilẹ̀ tún burú jù. Àjọ òṣìṣẹ́ NLC ló bí ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù kejì ọdún 2009 tí kóòtù gbé Olúṣẹ́gun Mímikò wọlé sípò gómìnà, Oǹdó di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tí Labour ti ṣèjọba. Mi ò rántí olóòtú kan tó jókòó béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí ni wọ́n rí gbà nínú ìjọba tó ń jẹ́ orúkọ wọn. Nígbà tí gómìnà náà kó lọ sí PDP ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, ẹni tó bá a lọ àti ẹni tó ń bínú ló kún inú ìròyìn. Ìrìn àwọn èèyàn ńlá láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́ ni ẹ ń pè ní òṣèlú, àwọn tó ń rù wọ́n kò sí lójú ìwé yín.

Ẹ wá ní àwọn oní-Facebook ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn àgbà Àkúrẹ́ kò tíì gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 1983. FEDECO, àjọ elétò ìdìbò ìgbà náà, kéde pé Akin Ọmọ́bóríowó ti ẹgbẹ́ NPN ló borí Gómìnà Adékúnlé Ajásin ti ẹgbẹ́ UPN, ìlú gbiná, ẹ̀mí ṣòfò. Kóòtù ló padà dá Ajásin láre. Kò sí fóònù alágbèéká lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ẹnu ìjọba ni irọ́ yẹn ti jáde.

Mo mọ̀ pé irọ́ wà lórí fóònù. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ tiwa náà ń gbé e kiri, mo sì máa ń bá wọn wí ní gbangba, torí bí a bá purọ́ mọ́ olówó, òṣìṣẹ́ tó gbà wá gbọ́ la rẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n gbígbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kì í ṣe irọ́. Ọdún 1949 ni Awólọ́wọ̀ dá Tribune sílẹ̀, gbogbo ayé ló mọ ibi tó dúró sí, àwọn bàbá wa sì ń rà á. Omoyele Sowore, ọmọ Kiribo ní Ẹsẹ̀-Odò níbí, dá SaharaReporters sílẹ̀ lọ́dún 2006 kó tó jáde fún ipò ààrẹ lábẹ́ AAC lọ́dún 2019. Mi ò ní sọ pé ilé ìròyìn yẹn kò ní ẹni tó fẹ́ràn jù, àmọ́ ẹni tó ń kà á mọ ẹni tó dá a sílẹ̀, yóò sì fi ìyẹn wọn ohun tó kà.

Kí ẹ sì ṣọ́ra bí ẹ ṣe ń ké sí ìjọba pé kí wọ́n fìyà jẹ àwọn tó ń kọ̀wé lórí fóònù. Abala 24 Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ni wọ́n ti ń lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ọlọ́pàá gbé Daniel Ojukwu, akọ̀ròyìn FIJ, ilé iṣẹ́ ìròyìn tó ń tú àṣírí, wọ́n sì tì í mọ́lé ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nítorí ìròyìn tó kọ lórí owó iṣẹ́ ìjọba. Akọ̀ròyìn tó kọ́ṣẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí ẹ ṣe ní kí èèyàn máa ṣe é.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ kọ “ìpolówó” gàdàgbà sórí ojú ìwé tí wọ́n bá rà, kí orúkọ ẹni tó sanwó rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Bí ìjọba bá sọ̀rọ̀ nípa ọjà, kí ẹ bi ọlọ́jà kí ẹ tó lọ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kan, kí ẹ sọ ọ́ síta, a ó ṣì máa rà yín.

Tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Bí ẹ bá rán akọ̀ròyìn wá, màá mú un lọ bá àwọn ìyá ọlọ́jà náà fúnra mi, wọ́n sì ti ṣe tán láti sọ̀rọ̀. Àárọ̀ ló dáa jù kó wá, kó tó di aago mẹ́jọ, torí ìgbà yẹn ni àwọn ọmọkùnrin náà máa ń yí ọjà ká gba owó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atẹ̀wé kan ní Arákàlẹ̀, Àkúrẹ́.