Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ yé fi ṣẹ́ẹ̀nì Àgbádárìgì ṣeré

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín o. Ṣé dáadáa lẹ wà? Iṣẹ́ ńkọ́, ilé ìwé ńkọ́? Mi ò kì í sábà kọ nǹkan gígùn, àdúrà àárọ̀ lẹ mọ̀ mọ́ mi, àmọ́ láti Sunday tó kọjá mi ò rí oorun sùn dáadáa, nítorí fídíò kan tí ọmọ àbúrò mi gbé sórí status ẹ̀.

Wọ́n lọ sí Àgbádárìgì, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, wọ́n dáwó jọ wọ́n háyà bọ́ọ̀sì. Inú mi kọ́kọ́ dùn nígbà tí mo gbọ́, mo tiẹ̀ fi owó kún owó ọkọ̀ ẹ̀. Àfi ìgbà tí mo wo fídíò yẹn. Ó fi ṣẹ́ẹ̀nì ẹrú tí wọ́n ń fi han àlejò níbẹ̀ sọ́rùn, ọ̀kan nínú wọn di orí kejì mú, ó ń fà á bí ìgbà téèyàn ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà, orin ń lọ lábẹ́ ẹ̀, ó ń fi orí jó, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Mo dojú fóònù dé sórí tábìlì, mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí, ìbínú wá tẹ̀ lé e. Ọmọ tó lè fi ṣẹ́ẹ̀nì jó báyìí, tí wọ́n bá gbé tiẹ̀ wá bá a lọ́la, ṣé ó máa dá a mọ̀?

Ẹ jẹ́ n sọ ti ṣẹ́ẹ̀nì yẹn fún yín. Gbogbo yín lẹ mọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ẹ ti ya fọ́tò níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n gbé ní Àgbádárìgì, èyí tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀ ní 1842 tí wọ́n sì parí ẹ̀ ní 1845, ẹ ti kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà nìyẹn. Ó dáa. Ṣé ẹ mọ ohun tí ọrùn bàbá yẹn rí kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn ilé yẹn? Ọmọ Òṣogùn ni wọ́n. 1821 ni ogun kó ìlú wọn, ọmọdé ni Àjàyí nígbà yẹn, kò tíì gbó. Wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Ẹṣin náà ò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, ó dá ẹṣin padà, ni wọ́n bá dá ọmọ náà padà bíi bùbá tí kò bá èèyàn mu. Nígbà tó yá wọ́n tún fi tábà àti ọtí gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì. Báyẹn ló ṣe ń bọ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dọ́wọ́ àwọn Potogí ní Èkó.

Èkó yẹn ni wọ́n ti wọ ṣẹ́ẹ̀nì fún un. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ní 1837. Ṣẹ́ẹ̀nì kan ṣoṣo, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 36, wọ́n fi irin sọ́rùn olúkúlùkù, wọ́n wá ki ṣẹ́ẹ̀nì yẹn gba inú irin ọrùn gbogbo wọn, wọ́n fi àgádágodo tì í lórí méjèèjì. Àgbà ọkùnrin àti ọmọdé ní ìdí ṣẹ́ẹ̀nì kan náà. Tí inú bá bí àwọn àgbà, wọ́n á fà á gbì, ọrùn àwọn ọmọ kéékèèké á bó. Ẹ tún un kà o. Wọ́n á fà á gbì, ọrùn ọmọdé á bó. Ohun tí ọmọ àbúrò mi ń fi jó nìyẹn, tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ sì ń fà.

1822 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí wọ́n kó wọn sí lójú òkun, wọ́n kó wọn lọ sí Freetown. Ó di 1846 kó tó tún fojú kan ìyá tó bí i, ní Abẹ́òkúta. Nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ìlaròó ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi. Nígbà yẹn tá a bá gbọ́ gbọ́mọgbọ́mọ pẹ́nrẹ́n, a ti sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kan èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tú okùn lọ́rùn àgbò, ó fi kọ́ mi lọ́rùn, ó ní kí n máa ké bí àgbò, mo ń ké, à ń rẹ́rìn-ín. Màmá àgbà jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọmọrogùn, àmàlà ṣì wà lára ẹ̀. Wọn ò bi wá ní nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Ìgbà tí wọ́n nà wá tán ni wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń sunkún, èyí tá ò rí rí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ fún wa pé ìyá ìyá àwọn ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó lọ pọnmi láyé ogun Dàhómì. Ìkòkò ẹ̀ nìkan ni wọ́n bá létí odò. Kò fọ́. Omi ṣì wà nínú ẹ̀. Títí wọ́n fi kú, Màmá àgbà kì í jẹ́ ká dá lọ sódò, kódà nígbà tí ẹ̀rọ omi ti dé àdúgbò wa, tí omi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á dúró kí wọ́n máa wò wá.

Nítorí náà nígbà tí mo di tíṣà, tí mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí Àgbádárìgì ní 1979, mi ò kó wọn lọ ṣe fàájì. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wa kọjá ọ̀sà sí erékùṣù Gberefu, a wá ń fẹsẹ̀ rin yanrìn lọ sí etí òkun níbi tí wọ́n ń pè ní ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í padà. Oòrùn mú. Ọmọbìnrin kékeré kan di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mà, ṣé wọ́n wọ bàtà?" Mi ò rí èsì fún un. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ títí a fi dé ibi tí òkun ti ń pariwo. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọmọ yẹn o, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní fásitì, orin lẹ gbé sí i!

Kànga kan wà lójú ọ̀nà yẹn, wọ́n á fi hàn yín. Wọ́n ní wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi ẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ̀yin ò mu nínú ẹ̀, kí ló wá mú yín gbàgbé?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi, ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára.

Mo mọ èyí tẹ́ ẹ máa sọ. Pé òyìnbó ló kó wa lẹ́rú, pé ó ti kọjá. Ta ló kó Òṣogùn? Àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ wà nínú ogun yẹn. Yorùbá ni wọ́n fi ń dúnàádúrà lórí ọmọ tó gbọ́ Yorùbá. Ẹ wo Sẹ́ríkì Williams Abass tẹ́ ẹ lọ wo ilé wọn. Jóga Orílé ni wọ́n bí wọn sí, ọ̀dọ̀ tiwa ní Yewa níbẹ̀ yẹn, ogun Dàhómì ló kó wọn ní kékeré, wọ́n tà wọ́n, wọ́n dé Bùràsíìlì, wọ́n kàwé, wọ́n gbọ́ èdè oríṣiríṣi. Ìgbà tí wọ́n padà dé, àwọn fúnra wọn ni wọ́n wá ń bá òyìnbó kó ẹrú. Wọ́n lówó, wọ́n lọ́lá, wọ́n jẹ Sẹ́ríkì Mùsùlùmí, 1919 ni wọ́n kú, inú ọgbà yẹn ni sàréè wọn wà. Yàrá 40 ni wọ́n ní ó wà nínú ilé yẹn, ogójì èèyàn ni wọ́n sì ní wọ́n máa ń há mọ́ ẹyọ yàrá kan. Ẹni tí okùn ti wà lọ́rùn ẹ̀ rí ló tún mú okùn dání. Èyí ló ń já mi láyà jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Àgbádárìgì. Ẹni tó máa tà yín, ó máa gbọ́ èdè yín, ó máa mọ ilé bàbá yín, ó tiẹ̀ lè ti jìyà irú ẹ̀ rí.

Àwọn tó ń mú àlejò kiri níbẹ̀ máa ń na agboòrùn kan sókè, wọ́n á ní ogójì èèyàn ni wọ́n máa ń fi gba ẹyọ kan. Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ní ilé ìdílé Mobee, níbi tí wọ́n kó ohun èlò ayé òwò ẹrú sí, wọ́n á fi irin tí wọ́n fi ń ti ètè hàn yín, wọ́n ní torí kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóko ìrèké má baà tọ́ ìrèké wò ni. Ìyẹn náà, mo ti rí ẹni tó gbé e sẹ́nu tó ní kí wọ́n ya òun ní fọ́tò.

Ẹ gbọ́, ọmọ aládùúgbò wa kan wà. Iṣẹ́ irun ló ń ṣe, ọwọ́ ẹ̀ dáa, òun ló ń dirun fún mi. Ní 2016 obìnrin kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún un pé iṣẹ́ irun wà ní Ítálì, pé kò ní san kọ́bọ̀, tó bá débẹ̀ ni yóò máa san án díẹ̀díẹ̀. Ó ra bàtà fún un. Bàtà tuntun, funfun, ó wọ̀ ọ́ wá fi hàn mí. Mo ní "ọmọ mi, o ṣeun, Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ." Ohun tí mo sọ nìyẹn! Èmi tí wọ́n nà ní ọmọrogùn! Wọ́n gba Kánò, wọ́n gba Agadez ní Nìjẹ̀r, wọ́n la aṣálẹ̀ kọjá, ó di Líbíà, ìpè tó kàn tó wọlé fún ìyá ẹ̀, igbe ni. Wọ́n ní kí wọ́n fi owó ránṣẹ́. Wọ́n ta ilẹ̀. Wọ́n tún ní kí wọ́n fi kún un. Nígbà tí fídíò kan jáde ní 2017 tí wọ́n ti ń ta àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní gbàǹjo ní Líbíà, gbogbo ayé ń pariwo, ìyá ẹ̀ ò lè wò ó, èmi ni mo bá a wò ó bóyá màá rí ọmọ ẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n padà kó o wálé pẹ̀lú àwọn mìíì. Ó wà láàyè. Kì í dirun mọ́. Tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, ó máa ń ta gìrì.

Bàtà yẹn ni agboòrùn tiẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ fídíò yín bí ẹni tórí ẹ̀ dàrú nìyẹn. Ṣẹ́ẹ̀nì tòde òní, wọn ò ní rọ ọ́ ní irin. Á wá bíi bàtà, á wá bíi gbèsè tí wọ́n ní kó o fara balẹ̀ san. Tí ẹ bá ti wá mọ ṣẹ́ẹ̀nì sí nǹkan eré, kí lẹ ẹ́ fi dá a mọ̀?

Mi ò ní kẹ́ ẹ má jápa. Àwọn ọmọ tèmi náà wà lókè òkun, fisà ni wọ́n fi lọ, mo mọ ilé tí wọ́n ń gbé. Ẹni tó bá ní kó o wá, kó o má sọ fún ìyá ẹ, sọ fún un lọ́jọ́ yẹn gan-an. Pàsípọ́ọ̀tù ẹ, ọwọ́ ẹ ni kó wà. Ẹni tó bá ní kó o lọ búra níwájú nǹkankan nítorí iṣẹ́, ẹ̀yìn ni kó o fi rìn jáde. Àwọn NAPTIP wà, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àwọn tó ń fi èèyàn ṣòwò, láti 2003 ni ìjọba ti dá wọn sílẹ̀ nítorí irú èyí, ẹ lè lọ bi wọ́n léèrè. Tẹ́ ẹ bá dé Àgbádárìgì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ṣẹ́ẹ̀nì sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹ kí àwọn Ègùn tó ni ìlú, ẹ ra àgbọn lọ́wọ́ wọn, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè. Ẹ wo ọjà Vlekete, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrú láyé ìgbà yẹn, kẹ́ ẹ dúró díẹ̀. Ẹ pa orin.

Ìwọ ọmọ àbúrò mi, mo mọ̀ pé ò ń ka èyí. Ìyá ẹ sọ fún mi lálẹ́ àná pé o ti ní ejẹ́ntì, pé ọ̀nà ilẹ̀ lẹ máa gbà, pé o ò ní san kọ́bọ̀ títí wàá fi débẹ̀. Ó ní o ní kóun má sọ fún mi.

Sátidé tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀, Mile 2, níbi tí ọkọ̀ Àgbádárìgì ti ń kún. Ìwọ nìkan ni kó o wá. Èmi ni màá san owó ọkọ̀. A ó kọjá sí Gberefu, èmi àti ẹ, a ó rìn ín dé etí òkun. Orúnkún ń dùn mí, àmọ́ màá rìn ín. Nọ́ńbà ejẹ́ntì yẹn, kọ ọ́ sínú ìwé, kó o mú un wá fún mi.