Ó Lé Gbogbo Wọn Jáde

Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn fún ọ̀sẹ̀ yìí
Ẹ ka Máàkù 5:21–43

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Mo kí yín ní orúkọ Jésù Kristi. Ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá ni mo ti kọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí. Mo ti gbé e tì. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọgbà ìjọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀ náà ti gbọ́, torí pé ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ rìn láàárín wa, pàápàá èyí tí kò yẹ kó rìn rárá. N kò ní sọ ọ́ síbí. Ìwé yìí ń wọ ilé, ó ń wọ ọjà, n kò sì fẹ́ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ rẹ̀ ṣì gbóná lọ bá a pàdé lára bébà tí wọ́n fi wé àkàrà.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Máàkù orí karùn-ún. Láti Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi la ti mọ ìtàn náà: ọmọ Jáírù kú, Jésù jí i. A ti mọ̀ ọ́n débi pé a kì í kà á dáadáa mọ́. Mo kà á ní àkàtúnkà lọ́sẹ̀ yìí, ibi tí mo dúró sí jù ni ohun tí Olúwa wa ṣe kó tó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, àti ohun tó sọ lẹ́yìn tí ọmọ náà dìde.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ ọdún 12 ni. Kì í ṣe ọmọ ọwọ́ tí ìyá ń pọ̀n lọ gba abẹ́rẹ́, kò sì tíì di abilékọ tó ń gba káàdì aláboyún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ọmọ ọdún 10 sí 19 sí ọ̀dọ́langba. Ẹ lọ sí ibi ìtọ́jú ìjọba tó bá sún mọ́ yín, ẹ ó bá ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọdé níbẹ̀, ẹ ó bá ọjọ́ aláboyún. Ọjọ́ wo ni ti ọmọ ọdún 15? Pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé lára rẹ̀ ni yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn láàárín àwọn aláboyún, tí gbogbo ojú á yí sí i. Ẹni tó ń kọ káàdì á béèrè láti ojú fèrèsé, tí ẹni tó wà lẹ́nu géètì á gbọ́: "Kí ló ń ṣe ẹ́?" Kí lẹ fẹ́ kí ọmọ náà sọ? Á ní orí ló ń fọ́ òun. Wọ́n á fún un ní parasitamọ́ọ̀lù, á sì gbé ohun tó gbé wá padà sílé.

Baba rẹ̀ ńkọ́? Olórí sínágọ́gù ni Jáírù, ènìyàn tí wọ́n ń dìde fún. Ó wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ Jésù lójú gbogbo èrò nítorí ọmọbìnrin rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ gidigidi. Ẹ̀yin baba, "lọ bá ìyá ẹ" ni tiwa. Ọmọ ní inú ń run òun lóṣooṣù débi pé òun ò lè dìde lọ sílé ìwé, a ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo obìnrin ń ṣe. Ọmọkùnrin ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, kò jẹun, kò sùn, ìwé tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò wọ̀ ọ́ lórí mọ́, a ní ó ya ọ̀lẹ, tàbí ká ní àwọn ayé ló ń bá a jà. Ọkàn ọmọdé náà ń ṣàìsàn, ẹ̀yin ará. Àwọn dókítà wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó jẹ́ pé ọkàn àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni wọ́n ń tọ́jú. Ẹni tó bá mú ọmọ rẹ̀ lọ bá wọn kò sọ pé ọmọ òun ya wèrè.

Kí wọ́n tó dé ilé Jáírù, obìnrin kan dá wọn dúró lọ́nà. Ọdún 12 náà ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára tirẹ̀. Máàkù kò fi bò rárá: ìyà tí obìnrin yìí jẹ lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn pọ̀, ó ná gbogbo ohun tó ní, ó sì ń burú sí i. (Lúùkù, tó jẹ́ oníṣègùn, rọra fo ìyà yẹn nígbà tó ń kọ tirẹ̀.) Ìdí rèé tí obìnrin náà fi gba ẹ̀yìn wá. Ẹni tí wọ́n bá ti dójú tì níbi tó ti ń wá ìwòsàn, kì í gba iwájú wọlé mọ́.

Ibi tó ti wá ṣòro fún mi ni pé Jésù pè é jáde níwájú èrò. Kí ló dé? Ẹni tó bo àṣírí ọmọ Jáírù, kí ló dé tí kò bo ti obìnrin yìí? Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Ohun tí mo rí ni pé ara obìnrin náà ti dá kí Jésù tó béèrè ohunkóhun. Ìwòsàn ló ṣáájú, ìbéèrè tẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rù, ó wárìrì, ó sọ gbogbo òtítọ́. Òfin Mósè sì wà níbẹ̀, nínú Léfítíkù 15, pé aláìmọ́ ni ẹni tí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Bí Jésù bá jágbe mọ́ ọn lọ́jọ́ náà, òfin wà tó lè fi gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó pè é ní ọmọbìnrin, ó ní kó máa lọ ní àlàáfíà. Àwọn tó ti kà á sí aláìmọ́ láti ọdún 12 gbọ́ ọ létí ara wọn. Bóyá torí tiwọn ló ṣe pè é jáde.

Ní tiwa, ìbéèrè la fi ń ṣáájú. "Ọmọ ta ni ẹ́? Ṣé ìyá ẹ mọ̀ pé o wá síbí? Kí lo lọ ṣe tí ibẹ̀ fi ń yún ẹ?" Ọmọ tí kò tíì rí ọkùnrin rí á gbọ́ ọ, á dà bíi pé ó ti jẹ̀bi. Èyí tó sì ti rí ọkùnrin, tó nílò ìtọ́jú jù, ló máa kọ́kọ́ sá. Ọmọ fòní-kú-fọ̀la-dìde á dé pẹ̀lú egungun tó ń ro ó bí ẹni kú, wọ́n á ní ó tún ti bẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ ìrora ló kúndùn. Nígbà tó wà ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n ń ṣìkẹ́ rẹ̀. Bó ṣe di gẹ̀ǹdé tó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn àgbà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́.

Àìsí ilé ìwòsàn kọ́ ló ń yọ wá lẹ́nu n'Íbàdàn. UCH ti ń gba aláìsàn láti 1957, Adéọ̀yọ́ sì ti wà ṣáájú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ti ń kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó kọ́ UCH. Síbẹ̀, ọmọ wa ń gba iwájú ilé ìwòsàn kọjá lọ sí kẹ́mísì ìsàlẹ̀ àdúgbò, á ra kápúsù pupa-àti-yẹ́lò méjì, á gbé e mì pẹ̀lú píọ́ wọ́tà, torí pé oníkẹ́mísì ò ní bi í léèrè ọ̀rọ̀. Àìsàn tí oògùn gidi ì bá ti wò á wọ inú lọ. Nígbà tí a bá fi máa mọ̀, àwọn ará ilé Jáírù ti ń bọ̀ lọ́nà pé ọmọ ti kú, ká má yọ Olùkọ́ lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tó wà nínú ìjọ yìí, ẹ pọ̀, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí yín. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ò tó níbi iṣẹ́ yín, pé àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ti kó lọ sí Ìlú Ọba, pé ẹ ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta. Kò ní kí n má sọ èyí. Ẹ rántí ìbúra tí wọ́n ń fi orúkọ Florence Nightingale pè, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń bú lọ́jọ́ ayẹyẹ wọn. Ó wà nínú rẹ̀ pé ohun tí ẹ bá mọ̀ nípa aláìsàn lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ó pa á mọ́ sínú. Ìpàdé WMU, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ, kọ́ ni ibi tí ẹ ó ti tú u. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ìjọ náà kọ́. Bí ẹ bá ní ká fi ọmọ kan sínú àdúrà, tí ẹ wá júwe ilé baba rẹ̀ àti irú ìdánwò ẹ̀jẹ̀ tó wá ṣe, òfófó ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmín la fi parí rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì dúró gbọ́ ọ, tí ẹ ní "ẹ̀n-ẹ́n, kí ló wá ṣẹlẹ̀?", ẹ má rò pé mo fò yín.

Wọ́n dé ilé Jáírù. Ariwo ti gba ibẹ̀ kan. Jésù sọ̀rọ̀, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. Kò bá wọn jiyàn. Ó lé gbogbo wọn jáde. Baba ọmọ, ìyá ọmọ, Pétérù, Jákọ́bù àti Jòhánù nìkan ló kù. Ó ní agbára láti jí òkú lójú ọjà, síbẹ̀ ó kọ́kọ́ tú yàrá ká. Lẹ́yìn ìyẹn ló di ọwọ́ ọmọ náà mú.

Nígbà tí ọmọ dìde, ó kìlọ̀ fún wọn gidigidi pé kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Báwo ni èyí ṣe máa ṣeé ṣe? Ẹni tí wọ́n ti ń sunkún rẹ̀ á sáà jáde lọ pọnmi. Kò sí bí wọ́n ṣe máa fi pamọ́ pé ó wà láàyè. Èmi gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ni kò fẹ́ kí wọ́n máa gbé kiri, kí ọmọ náà lè padà di ọmọ ọdún 12 láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má máa nawọ́ sí i lójú títì. Àwa ńkọ́, tó jẹ́ pé bí ara ọmọ bá ti yá la ti ń fà á síwájú ìjọ kó wá jẹ́rìí, tí ìyá á gba maikirofóònù, tí á sì ka gbogbo àìsàn náà bó ṣe rí? Láti ọ̀sẹ̀ yìí, a kò ní gba ẹ̀rí lórí àìsàn ọmọ tó ti gbọ́njú láìjẹ́ pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn díákónì ti mọ̀ sí i.

Ó sì ní kí wọ́n fún un ní oúnjẹ. Ẹ̀yin ìyá, ọmọbìnrin tó ti ń rí nǹkan oṣù ń pàdánù ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ má bù ú ní ẹ̀bà tó ga kẹ́ ẹ sì fi ẹja sí abọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀dọ̀ bó bá wà.

Ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè kan lórí orí yìí lọ́jọ́bọ̀, lórí bó ṣe jẹ́ pé ọmọ Jáírù dìde. N kò ní ìdáhùn, n kò sì wá ọ̀rọ̀ dídùn kan fi dí i. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ bá mi máa lọ jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ máa gbé oúnjẹ lọ, ẹ má béèrè ohunkóhun.

Ẹ̀yin ọmọ mi, RA (ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin), GA (ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin), Lydia (ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin), ẹ̀yin akọrin ọ̀dọ́, mo mọ̀ pé ọkàn yín gbọgbẹ́, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín láti sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe bá àwọn òbí yín wí yìí, torí yín ni. Ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, a sì ń fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Kò sí àìsàn kankan, ní ibikíbi lára yín, tó máa mú kí n lé yín. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ ní ẹ fẹ́ bá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá jágbe mọ́ yín, ẹ má padà sílé, ẹ béèrè ẹlòmíràn. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ dá lọ, ẹ sọ fún ìyàwó mi. Á bá yín lọ, á dúró síta títí ẹ ó fi ṣetán, kò sì ní bi yín ní ohun tí ẹ bá dókítà sọ. Mo nífẹ̀ẹ́ yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọlọ́run á tù wá nínú.

Tiyín nínú Kristi,
Olùṣọ́-Àgùntàn yín

ÌKÉDE (àyè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán): Kò sí ìdánrawò akọrin lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yìí. Ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú yóò wáyé ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nínú ilé ìsìn kékeré, iná mànàmáná ò dúró nínú ti ńlá. Ìyá àwọn GA: abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2023, wà fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ọ̀fẹ́ ni níbi ìtọ́jú ìjọba, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gbà á, irọ́ ni pé ó ń sọ ọmọ di àgàn. Gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera inú ìjọ, ẹ dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn àárọ̀. Káàdì ìkórè: ẹ kó o padà fún akọ̀wé. Àwọn tó yá àga ìjọ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ jọ̀wọ́, mẹ́rin ò tíì dé.