Ìdáhùn tí mo jẹ yín: lẹ́tà sí olùkọ́ mi ará Matanzas ní Kúbà

Profesora mi ọ̀wọ́n,

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ẹnìkan tí a jọ jókòó ní kíláàsì Sípáníìṣì yín fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé ẹ ti lọ. Bí mo ti kà á tán, èdè Sípáníìṣì ni ọkàn mi fi tún un sọ, está muerta, “ó ti kú”, ó sì tì mí lójú pé kì í ṣe ẹkún ló kọ́kọ́ dé, gírámà ni. Ẹ ti kọ́ wa pé ser wà fún ohun tí èèyàn jẹ́, estar sì wà fún ipò tí ó wà, mo wá nawọ́ sókè pé kí ló dé tí ẹni tó kú fi ń gba estar bí ẹni tí àárẹ̀ mú tàbí ẹni tó jókòó, nígbà tí òkú kì í dìde mọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi yọ awò ojú yín, ẹ ní kí n lọ bi ẹni tó dá èdè náà sílẹ̀.

Ọdún 1994 nìyẹn. Ọmọ ọdún 15 ni mí, n kò sì tíì lo oṣù mẹ́ta ní Florida tí mo ti Abẹ́òkúta dé. Ní àwọn kíláàsì yòókù, bí mo bá ti lanu sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á máa sín mi jẹ. Ní tiyín, gbogbo wa la jọ bẹ̀rẹ̀ láti orí a, e, i, o, u, bí mo sì ṣe ń pè wọ́n láti ilé gan-an ni ẹ fẹ́ kí a máa pè wọ́n. Ser àti estar kò dà mí láàmú, torí pé Yorùbá kò da “jẹ́” pọ̀ mọ́ “wà”. Nígbà tí ẹ sì ń fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ṣàlàyé pé a kì í fi tú bá àgbàlagbà tí a kò mọ̀ sọ̀rọ̀, pé usted ni, ṣe ni mo ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bí ẹni ń wo ọmọ tí wọn kò kọ́ bí a ṣe ń kíni.

Bí iṣẹ́ bá sú wa, a máa ń dọ́gbọ́n tì yín sórí ìtàn 1961, torí a mọ̀ pé ẹ kò ní padà sórí ẹ̀kọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà tí Kúbà rán àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 100,000 lọ sí ìgbèríko láti kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà. Wọ́n fún yín ní ìwé, àtùpà, àti aṣọ ìsùn tí a ń so sáàárín òpó méjì. Ẹ máa ń fi ṣọ́ọ̀kì ya àtùpà náà sójú pátákó, torí pé àwòrán nìkan ló kù lọ́wọ́ yín. Bàbá arúgbó kan di pẹ́ńsùlù mú bí ẹni di èèkù àdá mú, ó ṣẹ́ mẹ́ta kí ó tó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, alaalẹ́ ni yóò sì ní kí ẹ ti ilẹ̀kùn kí ẹ tó ṣí ìwé, kí aládùúgbò má baà rí i. Nígbà tí ìjọba kéde ní December 22 ọdún náà pé àwọn tó lé ní 700,000 ti mọ̀wé, ẹ ní bàbá yìí nìkan ni ẹ rí nínú gbogbo iye náà. Ọjọ́ yẹn ni Kúbà fi ṣe Ọjọ́ Olùkọ́ títí di òní, ẹ sì máa ń bá ìsinmi Kérésìmesì jà pé kì í jẹ́ kí a bá yín ṣe é.

Ìdí tí ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀ fi wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Mariel ní Kúbà ní 1980, pẹ̀lú nǹkan bí 125,000 èèyàn tó kọjá sí Florida láàárín April sí October, ẹ kò sọ ọ́ fún wa rí. Ohun tí ẹ sọ kò ju pé ẹ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì hòtẹ́ẹ̀lì ní ọ̀sán, ẹ ń lọ sí ilé ìwé ní alẹ́, títí wọ́n fi tún gbà pé olùkọ́ ni yín.

Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ kan wà tí kò kúrò lọ́rùn mi. Ẹ ń sọ̀rọ̀ ìyá àgbà yín ní Matanzas, tó máa ń da omi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní àràárọ̀, ẹ sì kọ ohun tó máa ń wí sójú pátákó: omi tuto, ona tuto, tuto ilé, tuto arikú. Ẹ yíjú sí mi. “Ọmọ mi, èdè yín nìyí. Kí ni ìyá àgbà mi ń sọ?” Gbogbo orí ló yí padà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ọmọkùnrin tó ń jókòó lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní àjẹ́. Mo ní n kò mọ̀. Ẹ dúró díẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ẹ ní kò burú, ẹ sì nù ún kúrò, láti ọ̀tún sí òsì.

Mo mọ̀ ọ́n, Profesora. Ọmọ ọdún mẹ́ta ní Abẹ́òkúta mọ̀ ọ́n. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń bínú sí ara mi, ẹ má bínú, mo bínú sí ẹ̀yin náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ilẹ̀kùn fún bàbá arúgbó kí ojú má baà tì í, kí ló dé tí ẹ kò ti tèmi? Bí ẹ bá dá mi dúró lẹ́yìn kíláàsì, ǹ bá sọ ọ́. Nọ́ńbà yín sì wà lọ́wọ́ mi ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, n kò pè.

Èmi náà ti di olùkọ́ èdè Sípáníìṣì. Wọ́n ti sọ fún wa pé láti ọdún tó ń bọ̀, kọ̀ǹpútà ni yóò máa kọ́ kíláàsì méjì nínú mẹ́rin tí mo ní. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 14, ń sọ Sípáníìṣì bí ẹni tí wọ́n bí sí Hialeah, ìlú àwọn ará Kúbà ní Florida, ṣùgbọ́n bí màmá mi bá pè láti ilé, yóò na fóònù sí mi, yóò ní kí n sọ pé òun ti sùn. Èmi ni mo ń fi Yorùbá tó dán mọ́rán purọ́ fún ìyá mi. N kò rí ẹni tí n óò dá lẹ́bi, torí pé n kò fi èdè náà bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ nígbà tó yẹ.

Omi tútù ni, Profesora. Ọ̀nà tútù, ilé tútù. Ìyá àgbà yín ń tu ilẹ̀ lójú kí ọjọ́ náà má baà gbóná mọ́ ará ilé. Arikú yẹn ló pẹ́ kí n tó mọ̀, àní lẹ́yìn tí mo bímọ: àìkú ni.

Lọ́la, ser àti estar ló kàn ní kíláàsì mi. Está muerto wà nínú àwọn àpẹẹrẹ inú ìwé, n kò sì tíì mọ̀ bóyá n óò fò ó.

Akẹ́kọ̀ọ́ yín, ará Abẹ́òkúta