Wáyà Tí A Ta Láti Ilé Kan Dé Èkejì

Sí Olóòtú Ìwé Ìròyìn,

Mo kí yín kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn òǹkàwé yín létí kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, nítorí pé ní àdúgbò wa ní Òkè-Fia, Òṣogbo, àwọn tó ń fa íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé tiwọn lọ sí ilé òbí tàbí ilé aládùúgbò ti ń pọ̀ sí i, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbà ṣe é sì léwu.

Ilé ìyá mi wà lẹ́yìn ilé tí mo ń gbé. Àárín méjèèjì kò ju 40 mítà lọ. Ojú fóònù ni wọ́n ti ń rí àwọn ọmọ-ọmọ wọn tó wà lókè òkun. Ṣùgbọ́n ilé amọ̀ ni ilé wọn, ògiri rẹ̀ nípọn, pàánù ni wọ́n fi bò ó, táǹkì omi wa sì dúró gbọnyin sáàárín, nítorí náà Wi-Fi ilé mi kì í kọjá ẹnu ọ̀nà wọn.

Rìpítà, ẹ̀rọ tó ń gba Wi-Fi tó sì ń tún un pín síwájú, ni mo kọ́kọ́ rà, mo sì gbé e sí yàrá wọn gan-an. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe nìyẹn, nítorí pé ohun tí rìpítà bá rí gbà nìkan ló lè tún pín. Àárín ọ̀nà, níbi tí Wi-Fi ṣì ti lágbára, ló yẹ kí ó wà. Kódà, èyí tó ń fi rédíò (ohun tó ń gba Wi-Fi tó sì ń rán an jáde) kan ṣoṣo gbà tó sì tún ń fi í pín lè dín ìyára íntánẹ́ẹ̀tì kù dé ìdajì.

Lẹ́yìn èyí ni mo pe oníṣẹ́ kan, ó sì ta wáyà búlúù láti ojú fèrèsé mi, ó gbé e gba orí pàánù, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sínú yàrá ìyá mi. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ lè gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé 100 mítà, nítorí náà ó ṣiṣẹ́ dáadáa, inú gbogbo wa sì dùn. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ṣú, àrá sì sán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò bọ́ sí ilé wa. Ṣùgbọ́n ráútà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, tó wà lọ́dọ̀ mi àti èyí tó wà lọ́dọ̀ ìyá mi kú lẹ́sẹ̀kan náà, tẹlifíṣọ̀n tí a fi wáyà so mọ́ tiwọn sì bá a lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: ihò tí wáyà wọ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò, àwọn irin tín-ín-rín mẹ́jọ tó wà nínú rẹ̀ ti yọ́ pọ̀ mọ́ra, òórùn ike jíjó sì gba gbogbo yàrá. Orí bẹ́ẹ̀dì ni ìyá mi jókòó sí, kò ju ìgbọ̀nwọ́ méjì lọ sí ibi tí wáyà náà gbà wọlé. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Bàbà ni inú wáyà náà, bàbà sì ń gbé iná. Kò dìgbà tí àrá bá bọ́ lù ú. Bí ó bá sán sí tòsí, ó lè ru iná sókè nínú wáyà gígùn tó nà gbalaja síta, iná ọ̀hún yóò sì gba inú wáyà náà sáré wọ ilé méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ilé wa ni kò tilẹ̀ ní wáyà earth (èyí tó ń darí iná àpọ̀jù lọ sínú ilẹ̀) tó péye.

Ohun tí mo ń lò báyìí ni rédíò ìta méjì, ẹ̀rọ tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ síra wọn láìsí wáyà. A kan ọ̀kan mọ́ ògiri mi lábẹ́ etí òrùlé, a kan èkejì mọ́ ti ìyá mi, a sì kọjú wọn síra níbi tí táǹkì kò ti ní dí wọn. Iná ilé kọ̀ọ̀kan ni rédíò tirẹ̀ ń jẹ, kò sì sí bàbà kankan láàárín ilé méjèèjì mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n bọ́ lọ́wọ́ àrá pátápátá, nítorí wáyà kúkúrú ṣì so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ inú ilé. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbé wọn sórí òpó gíga. Ráútà kékeré ló ń pín in nínú ilé wọn, ọ̀nà Wi-Fi tí wọ́n ń pè ní 2.4GHz ni mo sì fi í sí, torí pé èkejì rẹ̀, 5GHz, yára jù ú lọ ṣùgbọ́n ògiri tó nípọn tètè ń dá a dúró. Ẹni tó bá fẹ́ wáyà dandan lè lo fáìbà, tí inú rẹ̀ jẹ́ dígí tí kì í gbé iná, bí kò bá ti sí okùn irin tí wọ́n fi kún un.

Mo rawọ́ ẹ̀bẹ̀ sí àwọn oníṣẹ́ yìí kí wọ́n máa sọ ewu náà fún oníbàárà kí wọ́n tó gba owó. Wáyà kan ṣì nà láti ilé tó kọjú sí tiwa lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Mo ti lọ bá Bàbá onílé, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn yóò tú u, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì yẹn ni ọmọ aránṣọ náà fi ń kàwé fún ìdánwò JAMB, ìyá rẹ̀ sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù di ẹ̀yìn ìdánwò. Mo ti ní kí wọ́n máa yọ ọ́ ní ìdí méjèèjì nígbàkúùgbà tí òjò bá ṣú.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Òkè-Fia, Òṣogbo.