Orí Ilẹ̀ Ni Kí Ẹ̀kọ́ Fífi Gééjì Fò Ti Bẹ̀rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní hẹlikọ́pítà wíwà, ohun kan sì ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ọkọ̀ wà dáadáa ń pa ẹ̀kọ́ fífi gééjì (àwọn aago tó wà níwájú awakọ̀) fò tì, torí pé apá wọn kò ká owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ yìí ló ń kọ́ awakọ̀ bí yóò ṣe darí ọkọ̀ nígbà tí kùrukùru bá bo gbogbo ìta. Ẹni tí kò kọ́ ọ, tó wá ṣèèṣì kó sínú ìkúùkù, etí inú rẹ̀ á máa parọ́ fún un. Ọkọ̀ ti ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun á ṣì rò pé ó dọ́gba.

Owó yìí ṣeé dín kù. Kì í ṣe epo nìkan ni hẹlikọ́pítà ń jẹ. R22 àti R44, àwọn hẹlikọ́pítà kékeré tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń lò, gbọ́dọ̀ lọ fún àtúnṣe látòkèdélẹ̀ bí wọ́n bá ti fò fún wákàtí 2,200 tàbí tí wọ́n bá pé ọdún 12. Gbogbo ìṣẹ́jú tí bíléèdì fi ń yí ni owó àtúnṣe yẹn ń gorí akẹ́kọ̀ọ́. Kí ló dé tí a fi ń jókòó sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń ké, tí a wá ń kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń yí nọ́ńbà rédíò?

Ohun tí ojú tèmi rí nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ kò ní símúlétọ̀, ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tí a fi ń ṣe bí ẹni ń wa ọkọ̀. Hẹlikọ́pítà kékeré kò ṣeé fọwọ́ sílẹ̀, nítorí náà olùkọ́ mi ló máa ń gbà á wà kí n tó lè ráyè ka àwòrán ọ̀nà. Owó ọkọ̀ ni mo ń san láti fi kàwé lójú ọ̀run. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi san gbèsè rẹ̀.

Òfin FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, béèrè wákàtí 40 fún ìwé ẹ̀rí fífi gééjì fò, 15 nínú rẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́. Ṣùgbọ́n òfin kan náà gbà kí tó 20 nínú 40 yẹn wáyé nínú símúlétọ̀ onípele gíga tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Nínú símúlétọ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣìnà, mo lè dá gbogbo rẹ̀ dúró, kí n fi àṣìṣe rẹ̀ hàn án, kí a sì tún ibẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lókè, àtibọ̀ sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ti jẹ owó.

Àwọn kan ń gbìyànjú láti dín in kù nípa dídá owó ọkọ̀ jọ ní méjì-méjì: ọ̀kan á wọ ìbòjú tí kò ní jẹ́ kó rí ìta, èkejì tó ní láísẹ́ǹsì hẹlikọ́pítà á máa wo ìta. Ó dára, àmọ́ kí ó jẹ́ lẹ́yìn tí ìpìlẹ̀ bá ti dúró, kí wọ́n má baà jọ mú àṣà burúkú mọ́ra.

Ìwé ẹ̀rí nìkan kò sì tó. Awakọ̀ tó gbé Kobe Bryant, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, àti àwọn 7 mìíràn ní ọjọ́ 26 oṣù Kínní ọdún 2020 ní ìwé ẹ̀rí gééjì lọ́wọ́. Síbẹ̀, NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàm̀bá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, rí i pé ìrìn àjò afojúwò, èyí tí awakọ̀ ń fi ojú wo ìta, ló ń bá lọ títí ó fi wọ inú ìkúùkù, tí òye ibi tí ọkọ̀ dorí kọ fi dàrú mọ́ ọn lójú. Gbogbo wọn ló kú. Ìdí nìyí tí símúlétọ̀ olówó pọ́ọ́kú fi ṣe pàtàkì fún ẹni tó ti gba ìwé ẹ̀rí pẹ̀lú, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà kú.

Mo rọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n kọ iye wákàtí símúlétọ̀ àti ti hẹlikọ́pítà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ìwé owó wọn, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó san kọ́bọ̀. Ní tèmi, n kì í tan ẹ́ńjìnnì fún ẹ̀kọ́ yìí mọ́, àfi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí pápákọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú símúlétọ̀ láìgbọ́ ohùn mi.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ hẹlikọ́pítà kan