Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́ lórí owó tí yóò ná ní Ìlú Ọba

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

O sọ lórí fóònù pé káàdì dọ́là tí báǹkì fẹ́ kó owó PTA rẹ (owó òkèèrè tí báǹkì ń tà fún arìnrìn-àjò) sí ti tó, pé òun nìkan ni wàá máa ná títí wàá fi ṣetán ní Leeds. Mi ò fèsì nígbà yẹn nítorí pé inú ọkọ̀ ni mo wà, ariwo pọ̀. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí o lè máa tún un kà.

Gbogbo ìgbà tí owó bá ti ń kúrò ní irú kan bọ́ sí òmíràn, ẹni tó bá a ṣẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ jẹ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣẹ́ owó lọ́fẹ̀ẹ́, ì báà jẹ́ ẹni tó jókòó sábẹ́ igi, ì báà jẹ́ báǹkì onígíláàsì. Wọ́n lè kọ ọ́ síta pé àwọn kò gba ṣáájì rárá, inú réètì ni wọ́n á ti yọ tiwọn. Nítorí náà, kí n tó gbé káàdì kankan, ohun tí mo máa ń bèèrè ni iye ìgbà tí wọ́n máa ṣẹ́ owó mi kó tó dé ọwọ́ ẹni tí mo fẹ́ san án fún.

Mo mọ ibi tí o ti mú ọ̀rọ̀ rẹ wá. O ń rí mi tí mò ń mú káàdì dọ́là lọ kó ọjà ní Dubai, ara sì ń tù mí. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1997 ni ìjọba ibẹ̀ ti so dírámù mọ́ dọ́là: dọ́là kan, dírámù 3.67, kì í gòkè, kì í sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá mú dọ́là lọ síbẹ̀ mọ ohun tí yóò bá. (Sẹ́fà tí a ń ná ní Kọ̀tọ́nù náà so mọ́ Yúrò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń lọ ọjà Dantokpa níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù pé réètì á yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́ tó bá jẹ́ Yúrò ni wọ́n mú dání.) Pọ́n-ùn kò so mọ́ ohunkóhun. Tí o bá fi káàdì dọ́là ra búrẹ́dì ní Leeds, náírà bàbá rẹ ti kọ́kọ́ di dọ́là níbí, dọ́là yẹn á tún di pọ́n-ùn lọ́hùn-ún. Ènìyàn méjì ti jẹ nínú owó búrẹ́dì kan ṣoṣo, kí ìwọ tó jẹ búrẹ́dì.

Mi ò ní kí o má gba káàdì náà o. Dandan ni. Ní oṣù kejì ọdún 2024, CBN pàṣẹ fún àwọn báǹkì pé kí wọ́n má san PTA ní kéèṣì mọ́, pé orí káàdì tàbí ọ̀nà ẹ̀rọ mìíràn ni kó gbà. Ohun tí mo fẹ́ kí o bèèrè ni bóyá wọ́n lè fún ọ ní èyí tó jẹ́ pọ́n-ùn. Tí wọn kò bá ní in, gba ti dọ́là, ṣùgbọ́n mọ̀ pé owó ojú ọ̀nà ni, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Má sọ ọ́ di àpótí owó. Ka ìwé tí wọ́n bá fún ọ: iye tí wọ́n ń gbà láti kó owó sí i, iye tí wọ́n ń gbà ní ATM, iye tí wọ́n á máa yọ lóṣooṣù tí o kò bá lò ó, àti ọjọ́ tí káàdì náà á kú. Ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n lè ti apá kan owó orí rẹ̀ pa kó tó di pé o jẹ gbèsè kankan, ó sì lè pẹ́ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Nǹkan kan wà tí àwọn ènìyàn kì í fiyè sí. Tí o bá ki káàdì yìí bọ ATM tàbí POS lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ lè bi ọ́ bóyá o fẹ́ san án ní pọ́n-ùn tàbí ní owó tó wà lórí káàdì rẹ. Ó máa ń dà bíi pé wọ́n ń ṣe ọ́ lóore, wọ́n á tilẹ̀ kọ iye rẹ̀ ní dọ́là síwájú rẹ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Pọ́n-ùn ni kí o tẹ̀. Tí o bá tẹ dọ́là, ẹni tó ni ẹ̀rọ ló máa ṣẹ́ owó náà ní iye tó wù ú, iye yẹn kì í sì í dára. Tí òǹtajà bá fẹ́ bá ọ tẹ̀ ẹ́, sọ pé rárá, pọ́n-ùn.

Káàdì náírà ńkọ́? Mú un dání, má gbọ́kàn lé e. Ìwọ náà rántí ọdún 2022, nígbà tí wọ́n ń gé iye tí a lè ná lókè òkun kù títí ó fi di ogún dọ́là lóṣù, tí ọ̀pọ̀ báǹkì sì wá ti í pa pátápátá. Ní 2025 ni àwọn kan tún ṣí i. Ohun tí wọ́n ti tì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè tún un tì. Má sì jẹ́ kí síìmù Nàìjíríà rẹ kú, kí o ṣí roaming rẹ̀ kí o tó wọ bàálù, nítorí orí rẹ̀ ni báǹkì á máa fi OTP ránṣẹ́ sí.

Kéèṣì: ìwọ̀nba tí o lè fi jẹun. Bọ́ọ̀sì London kò gba owó lọ́wọ́ ènìyàn mọ́ láti oṣù keje ọdún 2014, káàdì ni wàá fi kàn án. Bàbá àgbà ti gbé pọ́n-ùn bébà ogún ogún tó fi pamọ́ jáde pé kí n fi ránṣẹ́ sí ọ. Gbà á, kí o dúpẹ́, kí o sì ṣàdúrà fún wọn. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kò ní gbà á, ọ̀rá ni wọ́n ń ná báyìí; ti bébà kúrò lójà ní òpin oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Bank of England ṣì ń pààrọ̀ rẹ̀. Má sọ fún bàbá.

Owó ilé-ìwé kò kan káàdì rárá. Èmi àti bàbá rẹ á gba Form A, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí a fi ń bèèrè owó òkèèrè lọ́wọ́ báǹkì, báǹkì á sì san án tààrà fún yunifásítì.

Tí o bá ti dé Leeds, gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé-ìwé tó fi àdírẹ́ẹ̀sì rẹ hàn, kí o fi ṣí àkáǹtì tìrẹ, ì báà jẹ́ ní báǹkì tó ní ilé, ì báà jẹ́ ti orí fóònù bíi Monzo. Inú rẹ̀ ni a ó máa fi owó oúnjẹ sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n á ti ṣẹ́ ẹ, tí o bá sì ń ná an, pọ́n-ùn ni wàá máa fi san pọ́n-ùn.

Àkáǹtì yẹn ni mo fẹ́ kí o ṣọ́ ju gbogbo nǹkan lọ. Ní Peckham ní London, lọ́dọ̀ àǹtí rẹ, wàá pàdé àwọn tó máa ní, “Ẹ san náírà fún ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó, kí n fún yín ní pọ́n-ùn níbí.” Réètì wọn máa ń dùn, àwọn ọmọ dáadáa sì pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n o kò mọ ibi tí pọ́n-ùn yẹn ti wá. Òmíràn tiẹ̀ á ní kí o kàn jẹ́ kí owó gba inú àkáǹtì rẹ kọjá, kí o mú díẹ̀, kí o fi ìyókù ránṣẹ́ sí ẹnìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n ń wá. Tó bá jẹ́ owó jìbìtì ni, báǹkì á ti àkáǹtì náà, wọ́n lè kọ orúkọ rẹ sọ́dọ̀ Cifas, àjọ tí àwọn báǹkì ibẹ̀ ti ń yẹ orúkọ àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú jìbìtì wò, yóò sì wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Láàárín ìgbà yẹn, ó lè ṣòro fún ọ láti rí báǹkì mìíràn tó máa gbà ọ́, tàbí kí o gba fóònù tí a ń san díẹ̀díẹ̀. Òfin ibẹ̀ sì lè fi ẹni tó bá fọ owó jìbìtì sẹ́wọ̀n títí dé ọdún mẹ́rìnlá. Kódà tó bá jẹ́ ọmọ ìjọ wa ló bẹ̀ ọ́, sọ pé ìyá rẹ kò gbà. Orí mi ni kí o dì í rù.

Ọjọ́bọ̀ ni mò ń bọ̀ ní Ìbàdàn kí a jọ lọ sí báǹkì. Mú páspọ́ọ̀tù, físà àti tíkẹ́ẹ̀tì rẹ dání, kí o sì rí i pé orúkọ tó wà lórí BVN rẹ bá ti páspọ́ọ̀tù mu. Tí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, pè mí kó tó di ọjọ́ náà.

Èmi ni,
Màmá rẹ